Nọ́ńbà Tó Wà Lẹ́yìn Pánẹ́ẹ̀lì

Ojú mi ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, n kò sì kà á nínú ìwé kankan, torí nígbà tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, n kò tíì mọ ìwé kà. Bí ẹnìkan bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó wá sí Kábà, kó béèrè Jímọ̀ Oníbátìrì. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ló bi, ewúrẹ́ yóò júwe ilé mi fún un.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ iná tí èèyàn ń kó pamọ́ sínú bátìrì. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé ní àdúgbò wa, nígbà tí àwọn ará ilé kejì ń bi mí bóyá dígí ni mo fẹ́ fi kan òrùlé. Mo ṣiṣẹ́ dé Pọ́nyàn, mo ṣe é dé Ìyah-Gbẹ̀dẹ́. Àwọn ọmọ tó ń jáde nílé ẹ̀kọ́ gíga báyìí ń pe ara wọn ní ẹnjiníà. Mo kí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá wọn ń pọ̀n wọ́n, iná tí mo tàn ni wọ́n fi ń rí ojú wọn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ ṣọ́là ṣeé kọ́ lè wò ó tinú tẹ̀yìn.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gba àlàyé. Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà, bàbá mi kú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ fún Bàbá Ìsánlú pé kó fi mí kọ́ṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń fún mi nígbà náà kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé.

Bàbá Ìsánlú ní àtíbàbà kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Lọ́kọ́ja. Bátìrì ló ń fún lágbára níbẹ̀. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ wo tẹlifíṣọ̀n lábúlé, bátìrì mọ́tò ló ń lò. Àwọn àgbẹ̀ Pọ́nyàn á gbé tiwọn sórí mọ́tò oníṣu, á dé ọ̀dọ̀ wa, a ó so ó mọ́ ṣájà, wọ́n á padà wá gbé e lọ́jọ́ ọjà. Ọkùnrin yìí ga, ó tín-ínrín, kì í pariwo, kì í na èèyàn. Ó le ju ẹni tó ń nani lọ. Oṣù méjì àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà. Ó ní kí n jókòó ti bátìrì, kí n máa fetí sí i.

"Jímọ̀, kí lo gbọ́?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan, Ọ̀gá."

"Padà lọ jókòó."

Bí mo bá ní ebi ń pa mí, á ní bátìrì náà ń jẹun lọ́wọ́, kí n dúró kó jẹ tán. Ọjọ́ kan ni mo wá gbọ́ ọ: ohùn kékeré kan, bí ìgbà tí èèyàn ń súfèé wẹ́lẹ́ wẹ́lẹ́ lábẹ́ omi. Mo sáré lọ bá a.

"Ọ̀gá, ó ti ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló ní?"

"Ó ní òun ti yó."

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Bí o bá tún fún un lóúnjẹ lẹ́yìn pé ó yó, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò ẹ̀wà. Afẹ́fẹ́ tó ń bì jáde nígbà náà, iná tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ ti tó láti mú kó bú gbàù. Bí o bá gbọ́ ohùn ìkòkò ẹ̀wà nínú yàrá, kí ni wà á ṣe?"

Kí ó tó dá mi sílẹ̀, ó tó ọgọ́rùn-ún ìgbà tó bi mí ní ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ kò yí padà: ṣí ilẹ̀kùn, ṣí fèrèsé, já ohun tó ń bọ́ ọ láti ìta, jókòó síta títí afẹ́fẹ́ yóò fi jáde, kí o tó wọlé lọ fọwọ́ kan bátìrì. Ẹni tó bá fo ìkan nínú rẹ̀, ó di agbálẹ̀ fún ọjọ́ méje.

Ó tún ní òfin kejì, èyí tó ń fi ọyẹ́ kọ́ wa. Ní àárọ̀ ọyẹ́, tí Kábà bá tutù tí ètè gbogbo ènìyàn ń là, yóò ní kí gbogbo ọmọṣẹ́ wá kí oòrùn tó yọ, kí a wọn gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí mítà sọ lọ́sàn-án àná kì í ṣe ohun tó ń sọ ní àárọ̀ yẹn. "Ọjọ́ tó burú jù ni kí ẹ fi wọn iṣẹ́ yín," ni ó máa ń wí. "Ọjọ́ tó dára, aláìmọṣẹ́ náà lè bá a lò."

Àwọn òfin wọ̀nyí, mo gbà wọ́n. Ẹyọ kan ni n kò gbà. Ó ní kí a máa lọ sí ilé ìwé àgbà nírọ̀lẹ́. Àwọn tó kù lọ. Èmi ní ó rẹ̀ mí.

"Jímọ̀, bátìrì lo gbọ́ èdè rẹ̀," ló wí fún mi. "Àwọn ẹ̀rọ tó ń bọ̀ kò ní sọ̀rọ̀. Ńṣe ni wọ́n máa kọ ọ́ sára."

"Ọ̀gá, ojú mi á tó o."

Ọjọ́ tó dá mi sílẹ̀, ó fún mi ní awò oníke kan tí wọ́n ń wọ̀ sójú nítorí ásíìdì. Mo fi kọ́ sórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ti àwọn ojo ni.

Ayé wá yí padà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré dé, gbogbo àdúgbò ń kígbe bí ẹ̀rọ ìlọta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ṣọ́là dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Èmi lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnìkan ní Lọ́kọ́ja láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pere. Ẹni tó ti jókòó ti bátìrì fún oṣù méjì, kí ló tún kù tó fẹ́ jókòó tì?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín, ẹ má fi owó ra á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ẹ tó ra pánẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ fẹ́ tàn ní òru àti iye wákàtí tí yóò fi wà. Wáàtì tí wọ́n kọ sára pánẹ́ẹ̀lì, ẹ má gbára lé gbogbo rẹ̀. Lásìkò òjò, ẹ dúpẹ́ bí ẹ bá rí ìdajì. Kọntirólà ni olùṣọ́nà tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, oríṣi méjì ló sì wà. Ọ̀kan dà bí ẹni tó gbé igbá kékeré síwájú odò: ohun tí igbá gbà ló bù, ìyókù ṣàn lọ. Ekejì gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń gba fóòtì tó pọ̀, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ, ó ń pa á dà sí ohun tí bátìrì lè jẹ, kò jẹ́ kó ṣòfò. Ṣùgbọ́n òun náà ní ìwọ̀n ẹnu. Ohun tó bá ju ẹnu rẹ̀ lọ, yóò pa á.

Ẹ sì wo ibi tí ẹ óò gbé pánẹ́ẹ̀lì sí. Ọkùnrin kan ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé pè mí pé ayédèrú ni mo gbé fún òun, pé bátìrì òun kì í kún. Mo gun ọ̀kadà lọ. Ilẹ̀ la gbé pánẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ sí, lórí irin kúkúrú, nítorí òrùlé rẹ̀ ti gbó. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìnkùlé, èlùbọ́ ni mo rí. Ìyàwó rẹ̀ sá iṣu gígé sórí pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tò wọ́n rẹ́gí-rẹ́gí.

Mo ní, "Ìyàwó wa, kí lèyí?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́ lórí àpáta. Pátákó yín yìí mọ́ tónítóní, ó sì gbóná. Ọjọ́ méjì ni iṣu fi ń gbẹ lórí rẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ bojú wo ilẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo padà lọ gbé pánẹ́ẹ̀lì kan tó ti kú wá fún un, mo ní tìrẹ nìyí, máa sá èlùbọ́ rẹ. Títí dòní ló ń fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí o bá ń yan ibi tí pánẹ́ẹ̀lì yóò wà, béèrè lọ́wọ́ obìnrin ilé ohun tí wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe.

Bí mo ṣe gbayì tó nìyẹn nígbà tí Alájà Sìfáwù ránṣẹ́ pè mí. Opó ni, ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ òkè, iṣẹ́ tó sì fi ń bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ni pé ó ń pa ẹyin. Ó ní àpótí ńlá kan tí ń bá adìyẹ sàba. Ooru rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Iná ìjọba kò ṣeé gbára lé, epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n. Ó ní kí n gbé ṣọ́là wá.

Oṣù tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ni a ṣe é, oòrùn sì ń ta ganrínganrín. Mo yan pánẹ́ẹ̀lì ńlá mẹ́ta, mo so wọ́n tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan, kí fóòtì wọn lè pa pọ̀. Kọntirólà tí mo yàn, ẹnu rẹ̀ gba àádọ́jọ fóòtì. Mo fi mítà kàn án lọ́sàn-án gangan, ó ní mẹ́rìnléláàádóje. Àyè mẹ́rìndínlógún ṣẹ́ kù. Ojú mi rí i.

Alájà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì.

"Jímọ̀, ojú mi kò rí kékeré mọ́. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Kà á fún mi."

Nọ́ńbà ni mo mọ̀. Lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ni n kò mọ̀. Nọ́ńbà fóòtì méjì ló wà níbẹ̀: mọ́kànlélógójì, àti mọ́kàndínláàádọ́ta ààbọ̀. N kò mọ èyí tó kàn mí. Àwọn ènìyàn dúró yí wa ká, ọ̀rọ̀ mi sì ti kún gbogbo àgbàlá látàárọ̀. Mo gbọ́ ohùn ara mi:

"Mọ́kànlélógójì ni, Alájà. Kò sí wàhálà. Ó kéré gan-an sí ohun tí kọntirólà yìí lè gbà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Alájà, èmi Jímọ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ó dára, mo gbà ọ́ gbọ́."

Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó pa ẹyin lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ènìyàn ń wá wò ó. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ dé.

Ẹni tí kò bá gbé Kábà kò ní mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ìsàlẹ̀ òkè, oòrùn kì í yọ díẹ̀díẹ̀. Òkè á dí i lójú, gbogbo nǹkan á tutù bí omi amù títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ dáadáa, oòrùn á wá fò sórí òkè lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì bọ́ lé pánẹ́ẹ̀lì tó tutù. Bí pánẹ́ẹ̀lì bá ṣe tutù tó ni fóòtì rẹ̀ ṣe ń ga tó. Mọ́kàndínláàádọ́ta ààbọ̀ ni nọ́ńbà tó kàn mí. Mẹ́ta rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́jọ kí òtútù tó fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀sán gbígbóná ni mo fi wọn iṣẹ́. Ọjọ́ tó dára ni mo fi wọ̀n ọ́n. Bàbá Ìsánlú ti kú nígbà náà, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, n kò mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò ó.

Àárọ̀ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ mú gan-an ni kọntirólà jó. Bó bá jẹ́ pé ó kàn kú ni, ì bá sàn. Inú rẹ̀ yọ́ lẹ̀ mọ́ra, ilẹ̀kùn tó yẹ kó máa ṣí kó sì máa tì wá di ihò lásán. Iná pánẹ́ẹ̀lì ń wọ inú bátìrì láìsí ẹni tó ń dá a dúró. Alájà kò mọ̀, torí àpótí ẹyin rẹ̀ ṣì gbóná. Lẹ́yìn ìrun Súúrì, lọ́sàn-án, ló pè mí.

"Jímọ̀, iná kéékèèké tó wà lára ẹ̀rọ rẹ ti kú. Bátìrì sì ń hó bí ìgbà tí mo gbé ẹ̀wà kaná."

Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ń bọ̀. Nígbà tí mo dé, àwọn aládùúgbò ti pé. Yàrá bátìrì pa dé pátápátá. Alájà ti fi aṣọ dí ojú fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn nítorí eruku ọyẹ́, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe lásìkò yẹn. Mo gbọ́ ohùn náà láti ìta. Mo mọ ohun tó ń jẹ́. Ọgọ́rùn-ún ìgbà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè rẹ̀.

Ẹnìkan nínú èrò ní, "Jímọ̀ Oníbátìrì, bátìrì rẹ mà ń se ẹ̀wà." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló gbé mi wọlé. N kò já wáyà pánẹ́ẹ̀lì níta. N kò dúró kí afẹ́fẹ́ jáde. Awò tí Ọ̀gá fún mi wà lórí ìṣó. Mo ṣílẹ̀kùn, mo wọlé tààrà, mo sì fa wáyà kúrò lórí bátìrì àkọ́kọ́. Mo rí iná kékeré kan tó tan yẹ́ẹ́. Ohun tí mo fi ojú òsì rí gbẹ̀yìn láyé mi nìyẹn. Bátìrì bú, ásíìdì dà sí mi lójú, àwọn ènìyàn fi omi korobá wẹ̀ mí títí a fi dé ilé ìwòsàn.

Ojú òsì kò ṣeé tún ṣe. Bátìrì mẹ́ta tó kù ti hó gbẹ. Àpótí ẹyin kú, kò sì sí iná ìjọba ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ọjọ́ kejìdínlógún ni àwọn ẹyin náà wà. Alájà fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n. Ọyẹ́ kò gbọ́ ti bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì mi, alága ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ iná wá bá mi pẹ̀lú ẹni méjì.

"Jímọ̀, ayédèrú ni kọntirólà yẹn," ló wí. "Bí a ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. A ó bá ọ lọ sọ́dọ̀ Alájà."

Mo ní, "Kì í ṣe ayédèrú. Àádọ́jọ ni wọ́n kọ sí i lára, èmi ni mo fún un ju àádọ́jọ lọ."

"Ta ló bi ọ́? Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ níta, ta ni yóò tún pe ẹnikẹ́ni nínú wa?"

"Ẹni tó bá fẹ́ òótọ́."

"Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà," ni ẹnìkan nínú wọn wí.

Mo ní, "Ẹ gbé e sílẹ̀ lọ́jà níbẹ̀. Tèmi ni. Èmi ni n óò jókòó tì í."

Wọ́n bá mi lọ síbẹ̀ bó ti wù kó rí, wọ́n rò pé ojú yóò tì mí. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Alájà fetí sílẹ̀ títí.

"Nígbà tí mo ní kí o kà á fún mi, kí lo kà?"

"Mo ka ohun tí n kò mọ̀, Alájà."

Alága ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà Alájà ní, "Okun o, Jímọ̀." Bí a ṣe ń kíra wa ní ilẹ̀ wa nìyẹn, ó kàn kí mi ni. Ó wá ní, "Ìwọ náà ni wà á tún un ṣe. N kò ní pe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ kàn án, wà á kà á fún mi."

Ẹgbẹ́ ní kí n má wá sí ìpàdé mọ́. N kò bẹ̀ wọ́n. Dípò ìpàdé, mo lọ jókòó sí ilé ìwé àgbà, ọ̀dọ̀ tíṣà kan tó wá láti Mọ́pà. Àwọn tí mo ti so iná sílé wọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Jímọ̀ tó mọ gbogbo nǹkan ń kọ A, B, D. Mo ní kí wọ́n rọra, ojú kan ni mo fi ń kọ ọ́, ó sì yá ju méjì tiwọn lọ. Ọ̀rọ̀ mi kò mẹ́hẹ. Mo kàwé bí ẹni tó ń ja ìjà, oṣù mẹ́jọ. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìtàn yìí. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, tèmi ni, ẹ fi sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé ilé Alájà, mo ra pánẹ́ẹ̀lì kan kún mẹ́ta, kí wọ́n lè jẹ́ mẹ́rin, méjì-méjì lórí wáyà kan. Mo da ẹ̀yìn wọn kọ sí oòrùn. Mo fi ìka tọ lẹ́tà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ kéú tó ń ka wálà. Mo sọ fún un pé èyí ni fóòtì ìgbà tí pánẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́, mọ́kànlélógójì. Èyí sì ni ti ìgbà tí kò sí ohun tó ń fà á, mọ́kàndínláàádọ́ta ààbọ̀, òun ni kí a máa bá kọntirólà ṣírò, kí a sì fi ti ọyẹ́ kún un.

"Méjì rẹ̀ jẹ́ mélòó?"

"Ọgọ́rùn-ún ó dín ẹyọ kan."

"Ọyẹ́ ńkọ́?"

"Yóò lé díẹ̀ lórí ọgọ́rùn-ún. Àádọ́jọ ṣì jìnnà."

"So ó," ló wí.

Ọjọ́ tí ọyẹ́ tún mú, mo lọ dúró ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ pẹ̀lú mítà, awò Bàbá Ìsánlú wà lójú mi. Oòrùn fò sórí òkè. Mítà ní méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Mo pè é kó wá wò ó, mo sì kà á sókè. Ó pa ẹyin lọ́sẹ̀ yẹn, ó ṣì ń pa á dòní.

Iṣẹ́ yẹn ni mo fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Olójú kan kì í mọ bí àtẹ̀gùn ṣe jìn sí ẹsẹ̀ rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí orí òrùlé ẹlòmíràn jẹ́ ibi tí mo ti máa mọ̀. Àwọn kan ní kí n pa ìtàn yìí mọ́, pé kì í ṣe ohun tí àgbà ń fi lé ọmọdé lọ́wọ́. Mo ti fi lé yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ ṣọ́là, kó kọ́ ọ, iṣẹ́ gidi ni, ó tọ́ mi, ó tọ́ ọmọ márùn-ún. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ ka ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ fún mi.

Ohun tó lọ nìyí. Kọntirólà kan. Bátìrì mẹ́rin. Ẹyin òjìlélúgba, tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n là. Àga mi nínú ẹgbẹ́. Ojú mi òsì.